Àjàní, má kọ “ara le” sí mi mọ́

Àgbádárìgì,
Ọjọ́ Ẹtì, òru.

Àjàní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ti ọjà Àgbálátà dé, tó gbé agbọ̀n kalẹ̀ láìsọ iye tí wọ́n pe ẹja. Bí obìnrin yẹn bá ti ọjà dé tí kò bú ẹlẹ́ja kankan, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ. Nígbà tó yá ló ní ẹnì kan nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin fa òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní owó oṣooṣù tí ìjọ ń fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́nu iṣẹ́ míṣọ́nnárì kò tíì jáde lápò ìjọ láti Mááṣì. Mááṣì, Àjàní. A ti wọ Júláì.

Mo pè ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. O ní, “Bàbá, ara le, a dúpẹ́.” Ìlà já. Mo tún pè, kò wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé bí ayé àtijọ́, torí ìwé kì í já mọ́ni lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́: ṣé ẹ ń jẹun?

Má fi ẹsẹ Bíbélì dá mi lóhùn. Ọdún 33 ni mo fi ṣe tísà, mo mọ ọmọ tó ń fi ìdáhùn gígùn bo ohun tí kò fẹ́ ká rí. Agùnbánirọ̀ kan tó sìn lápá ọ̀dọ̀ yín ti padà sí Àjárà báyìí. Ó ní òun rí ọ lọ́jà ní New Bussa, ní Ìpínlẹ̀ Niger lọ́hùn-ún, o ru àpò, ẹsẹ̀ lo fi ń rìn. Mo ní ọ̀kadà rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun ò rí ọ̀kadà. Ọ̀kadà tí tọmọdé tàgbà dáwó rà, tí ìyá rẹ so rìbọ́nù mọ́ lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ! Bí o bá ti tà á, sọ pé o ti tà á. Mi ò ní nà ọ́. O ti dàgbà kọjá nínà, èjìká mi ọ̀tún náà ò sì gba pàṣán mọ́.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé wó lọ́jọ́ tí ìjì jà, ọpẹ́lọpẹ́ pé orí ilé adìẹ ló wó lé. Àbúrò rẹ ti kó ṣọ́ọ̀bù kúrò létí títì nítorí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń halẹ̀ pé òun máa wọ mọ́tò wá sọ́dọ̀ yín. Mo rán an létí Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther, tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀ fún ọdún 25 títí wọ́n fi pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ sóun mọ́, òun ò ní sùúrù Àfàlá.

Tọ́lá ọmọ yín máa pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà Àjíǹde, ẹ̀wù tí ìyá rẹ rán fún un ní Kérésìmesì èṣí ló wọ̀. Ìyá rẹ ń fi fọ́tò náà han gbogbo àdúgbò, ó ní ẹ wo bó ṣe rẹwà. Èmi ń wo ẹ̀wù. Ọmọ tó ń dàgbà, ẹ̀wù èṣí ì bá ti há a lápá. Kò há a. Àjàní, ṣé ẹ ń jẹun?

Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tuntun ni ìjọ ń kówó jọ fún, wọ́n ní tó bá parí owó yín á jáde. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí Pọ́ọ̀lù náà pàgọ́ jẹun ní Kọ́ríńtì, kí Àjàní náà fi ọwọ́ ṣe nǹkan. Òótọ́ ni, ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ̀wé sáwọn ará Fílípì pé nígbà tóun wà ní Tẹsalóníkà, wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sóun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún fi ránṣẹ́. Ó ka iye ìgbà! Ó yẹ kí n sọ èyí lójú alàgbà náà. Ẹnu mi wúwo. Mo ní kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́, mo sì dìde.

O rántí bí mo ṣe máa ń kó ẹ̀yin ọmọ pírámárì lọ síbi igi Àgìyà, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere nílẹ̀ wa. Igi gan-an ti wó láti 1959, ọwọ̀n ìrántí nìkan lẹ bá níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ ń kà á lákàsórí: Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24, oṣù September, 1842, Henry Townsend dé lẹ́yìn rẹ̀ ní December. Ìwọ lo máa ń pariwo jù. Ọdún kan wà tí mi ò kọ́ yín. Ní 1857, Freeman fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí owó. Ìgbìmọ̀ tó rán an wá láti London ti ń bá a fà á tipẹ́ pé ó ń náwó jù. Bóyá ó náwó jù lóòótọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe kì í kúkú ṣe iṣẹ́ olówó kékeré. Ó gba iṣẹ́ ìjọba ní Accra, ó di 1873 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù. Ibi igi ni mo mú yín lọ. Mi ò ṣí ìwé owó hàn yín.

Ìwé owó kan wà tí mo mọ̀.

Nígbà tó o wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, èmi ni akápò ìgbìmọ̀ ìránṣẹ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìjọ ní ọkùnrin kan nígbà náà tó wà ní òkè orílẹ̀-èdè Benin, lápá Natitingou, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún náírà 15 la ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Òjò wá ń jò sórí àga àwọn akọrin. Wọ́n ní ká yá owó ìránṣẹ́ ra páànù, wọ́n ní a ó dá a padà. Oṣù mẹ́jọ ni, Àjàní. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, èmi ni mo buwọ́ lùwé. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè nípàdé pé báwo ni ọkùnrin yẹn ṣe ń ṣe é. Mo yọ lẹ́tà rẹ̀ lápò, mo kà á sókè: “Ara le, a dúpẹ́.” Ìpàdé tú ká.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn lọ́rùn rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn ìsìn, ó fún mi ní ìwé ìṣirò rẹ̀, torí akápò ni mí, ètò sì ni. Ó fi bírò pupa fa ìlà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Lápá owó tó wọlé, oṣù mẹ́jọ, ó fi àyè sílẹ̀, kò kọ òdo pàápàá, bí ẹni tó rò pé owó náà ṣì lè dé. Lápá owó tó jáde: iyọ̀, kẹrosín-ìnì, egbòogi ibà. Ní oṣù karùn-ún, ó kọ pé òun ta agogo ọwọ́. Ní ìkeje, aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó rẹ̀.

Mo ti ìwé náà bọ àpótí, sábẹ́ ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Ọkùnrin náà ń kọ́ni níléèwé kan ní Àgbárá báyìí, kò padà sẹ́nu iṣẹ́ yẹn mọ́. Bá a bá pàdé ní mótò páàkì, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ti ń bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí páàkì.

Nígbà tí ìwọ wá jáde pé Olúwa ń rán ọ sáàárín àwọn Kàmbárí, àwọn ẹ̀yà tó wà lápá New Bussa, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde jẹ́jẹ̀ẹ́ owó. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ sunkún ayọ̀. Ó rò pé iná iṣẹ́ Ọlọ́run ló gbé mi dìde, mi ò sì sọ ohun mìíràn fún un. Gbèsè ni mo ń san, ọmọ mi. Ìwọ ni mo fi ń san án. Ó yẹ kí n ti pè ọ́ jókòó nígbà yẹn, kí n sọ fún ọ bí ìjọ ṣe máa ń gbàgbé, kì í ṣe nítorí ìkà, nítorí páànù ni, nítorí jẹnẹrétọ̀. Àmín ni mo ṣe fún ọ dípò rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Béèrè owó rẹ. Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, dárúkọ oṣù kọ̀ọ̀kan tí kò dé, má fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ò sọ pé kó o padà wálé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ pé kó o dúró, pàápàá bí ojú ọ̀nà yín ṣe rí yìí. Ìwọ àti ìyàwó rẹ lẹ máa sọ ọ́, kí ẹnu tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Má bá mi jẹ́ ọkùnrin tó ń fi ebi obìnrin ṣe ẹ̀rí.

Èmi náà máa gbé ìwé ìṣirò onílà pupa yẹn lọ sí ìpàdé gbogbogbò lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá kà á sókè bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n á ní torí ọmọ mi ni. Òótọ́ ni wọ́n máa sọ. Bí kì í bá ṣe ọmọ mi, àpótí ni ì bá ṣì wà.

Gàrí, ẹja gbígbẹ àti òróró àgbọn wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Ẹgbẹ̀rún náírà 50 wà nínú àpòòwé kékeré. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni, má kọ ọ́ sínú ìròyìn ìjọ.

Bó o bá ń dá mi lóhùn, fa ìlà sínú ìwé. Kọ kóńgò ìrẹsì tó kù nílé, ọjọ́ tí ẹ kò dáná lóṣù yìí, iye tí ọ̀kadà lọ. Àyè tó bá ṣófo, kọ òdo sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní kí ẹ fi okùn wọn ẹsẹ̀ Tọ́lá, kí ẹ fún awakọ̀ ní okùn náà. Bàtà lòun fẹ́ rà.