Àjàní, Orí Wo Ló Ń Fọ́ Ọ?

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kubwa, ní Àbújá níbẹ̀? Mo pè ọ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Kì í ṣe torí owó o. Owó ilé-ìwé àbúrò rẹ tí o ò tíì fi ránṣẹ́, mo ti yá díẹ̀ nínú àjọ wa. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó sùn sọ́dọ̀ rẹ wá sọ ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Ó ní kò sí ìkòkò ọbẹ̀ nílé rẹ. Indómì láàárọ̀, ṣàwámà lálẹ́, àti dúróà kan tó kún fún ọ̀rá ketchup, mayonnaise àti soy sauce tí o ń kó bọ̀ láti ilé oúnjẹ. Ó ní o máa ń fún wọn sórí ìrẹsì funfun, o sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní orí ń fọ́ ọ.

Orí wo ló ń fọ́ ọ, Àjàní? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?

Mo mọ ohun tí o máa sọ: "Màámi, kí ló wà nínú ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ?" Ọ̀rá ketchup kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù 9, ṣúgà inú rẹ̀ á tó gíráàmù 2. Ẹyọ kan ò burú. Ta ló ń fún ẹyọ kan? Ní ti mayonnaise, òróró ni, ẹ má tan ara yín: nínú gíráàmù 12, bíi 9 ni òróró. Soy sauce yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rá kan ṣoṣo lè gbé iyọ̀ tó ju gíráàmù 1 lọ, bẹ́ẹ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ṣíbí tíì kan péré, ti búrẹ́dì àti ti ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. O wá fún mẹ́ta sórí ìrẹsì, lẹ́yìn tí o ti da gbogbo èlò indómì sí i láàárọ̀!

Àbúrò rẹ ló ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í sábà kọ iyọ̀ síbẹ̀, sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n ń kọ. Bí o bá rí 400 mg, gíráàmù iyọ̀ 1 nìyẹn. Àwọn tíntín tí o ń kó jọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lákọlé kankan.

Òjò ti ká páànù ilé ìdáná wa. Káfíńtà ní òun ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì rèé.

O mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá rẹ lọ. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Nígbà tí dókítà ní ká dín iyọ̀ kù, mo gbé agolo iyọ̀ kúrò nílé ìdáná lójú gbogbo yín, ẹ ń yìn mí. Ọbẹ̀ wá tẹ́, bàbá yín ń ti àwo sẹ́yìn. Ni mo bá ń fọ́ magí sí i, mẹ́rin, márùn-ún, nínú ìkòkò kékeré. Mo rò pé magí kì í ṣe iyọ̀. Iyọ̀ ló ju ìdajì kóró kan lọ, èmi tí mo ń tà á ò sì mọ̀. Mi ò sọ pé òun ló pa á. Ẹnì kankan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tú páálí, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀lẹ ni ọ́ ṣá! Ta ni kò kọ́ ọ ní ọbẹ̀ ata? Ó dáa, mo mọ̀ pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn kì í jẹ́ kí o tètè délé. Se ìkòkò kan lọ́jọ́ Àìkú, pín in sínú fíríìjì. Bí o bá gbọ́dọ̀ jẹ indómì, ìdajì èlò rẹ̀ ni kí o dà sí i, kí o sì sọ ìyókù nù. Má tọ́jú ẹ̀, mo mọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ìrẹsì náà dùn. Mo ti fi irú, ata gígún àti atalẹ̀ rán ẹni tó ń wọ reluwé ní Rigasa lọ́jọ́ Jímọ̀. Pàdé rẹ̀ ní ibùdó Kubwa. Irú yẹn á rùn nínú ọkọ̀, ó ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi, dákun, jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára láìsí orí fífọ́ rárá, torí náà bí orí bá dákẹ́, má rò pé ó ti tán. Kẹ́mísìtì máa ń ṣe é. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó 90, dókítà ni kí o kọ́kọ́ lọ rí, kì í ṣe èmi ni kí o kọ́kọ́ pè. Tó bá sì kéré sí i, fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò rẹ. Má kọ "ó dáa" sí mi. Nọ́ńbà ni mo fẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kaduna.