Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yẹ̀ wò kó tó wọ inú oògùn ọmọdé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ oògùn olómi tí à ń fún àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín sọ, pàápàá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú stọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ tó ń po oògùn. Ibẹ̀ ni ikú máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ojú ará ìlú kì í dé.

Ẹ wo paracetamol olómi. Èyí tó wọ́pọ̀ fún ọmọdé ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, ìyẹn mílígíráàmù 24 nínú mílílítà kan. Mílílítà kan omi lásán tí kò gbóná kò lè yọ́ ju nǹkan bíi mílígíráàmù 14 lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da propylene glycol tàbí glycerine mọ́ ọn, kí ìyẹ̀fun oògùn náà má baà rọ̀ sí ìdí ìgò. Kò sí ewu nínú méjèèjì bí wọ́n bá jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbátan kan tó jọ wọ́n bí ìbejì, diethylene glycol lorúkọ rẹ̀. Kò láwọ̀, ó ki, ó dùn lẹ́nu, owó rẹ̀ sì kéré sí tiwọn. Inú ọ́ìlì bíréèkì ni wọ́n ti ń lò ó. Bó bá wọ ara ọmọ, kíndìnrín ló ń bà jẹ́: ọmọ á máa bì, ìtọ̀ rẹ̀ á máa dín kù, nígbà tó bá yá kò ní í tọ̀ mọ́ rárá.

Ní 1937, oògùn kan tí wọ́n fi diethylene glycol pò pa èèyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà, òun ló sì bí òfin oúnjẹ àti oògùn wọn ti 1938. Ní 1990 ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ní Ìbàdàn àti Jos, nínú paracetamol olómi. Ọmọ 47 ló kú ní Jos nìkan. Láàrin 2008 àti 2009, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Èkó pa ọmọ 84. Ní 2022, oògùn tó ti Íńdíà wá pa ọmọ bíi 70 ní Gáḿbíà. Ọdún 85 kọjá, oró kan náà ni.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Dúrọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n lẹ̀ pa ni propylene glycol fi ń ti òkè òkun wá, nǹkan bíi kílò 215 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kékeré tí kò lówó dúrọ́ọ̀mù odindi á lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míkà, tó ti ń dà á sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lójú ọjà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dúrọ́ọ̀mù yẹn, orúkọ ara kẹ́ẹ̀gì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Oníkẹ́míkà á wá so fọ́tòkọ́pì ìwé èsì àyẹ̀wò mọ́ rísíìtì. Ìwé náà lè jẹ́ ojúlówó pátápátá, kó má sì kan ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Nínú ọ̀ràn 2008 yẹn, ọwọ́ oníkẹ́míkà tí kò ní ìwé àṣẹ ni ilé iṣẹ́ náà ti ra ohun tí wọ́n pè ní propylene glycol.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí oògùn bá ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún propylene glycol, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan á wọ inú lítà 250 oògùn. Ìgò mílílítà 100 tó jẹ́ 2,500 nìyẹn, láti inú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dé, lébẹ́ẹ̀lì yẹ́lò ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó wọn síbi tó ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ Q.C., ìyẹn ẹni tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò nílé iṣẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń po oògùn. Q.C. á wá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé ìlànà kan wà tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ èròjà: bí kẹ́ẹ̀gì bá jẹ́ 9, wọ́n á ṣí 4, bó bá jẹ́ 25, wọ́n á ṣí 6. Ìlànà yẹn kò dáa fún propylene glycol àti glycerine, torí kẹ́ẹ̀gì burúkú lè wà láàrin 5 tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Kí wọ́n má sì da ohun tí wọ́n bù látinú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá pọ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò kan. Mẹ́sàn-án tó dáa á bo àṣírí ìkẹwàá.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mílílítà kan ojúlówó propylene glycol wọn gíráàmù 1.036, ti diethylene glycol wọn nǹkan bíi 1.118. Bí wọ́n bá wo bí wọ́n ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan á fi 1.432 hàn, èkejì 1.447. Bó bá jẹ́ diethylene glycol gan-an ló kún kẹ́ẹ̀gì, àṣírí á tú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ díẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ ojúlówó, àyẹ̀wò yìí á tan ni jẹ, bẹ́ẹ̀ 0.10% péré, ìyẹn gíráàmù kan nínú kílò kan, ni èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà láàyè. Ethylene glycol tún wà, oró ni òun náà, 1.431 ni tiẹ̀ nídìí ìmọ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojúlówó dọ́gba. Ẹ̀rọ gas chromatograph ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní in lè fi àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi silica, ìyẹ̀fun funfun kan, kùn ṣe àyẹ̀wò ìṣáájú, kí wọ́n wá gbé èyí tó bá mú ìfura dání lọ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ. Ìlànà alábala méjì yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2023.

Kẹ́ẹ̀gì tó bá yege gba lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá kùnà gba pupa, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á sì fi tó NAFDAC létí. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má dá a padà fún oníkẹ́míkà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló máa tà á fún.

Kí ló ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́? Ìkánjú ni. Ọjà ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà, mánéjà ìpèsè, ọ̀gá àwọn tó ń po oògùn, á ní kí wọ́n máa lò ó lọ, pé èsì á dé lọ́la. Ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì ni Q.C. tó yẹ kó sọ pé rárá. Ìwé àkọsílẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa kọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á jókòó kọ ọ́ tán, pẹ̀lú bírò kan náà, ìwọ̀n gbogbo á sì pé láìlé láìdín. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Èkó rán mánéjà ìpèsè àti mánéjà Q.C. ilé iṣẹ́ oògùn eyín yẹn lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje. Bí òfin bá lè fi Q.C. sẹ́wọ̀n, ó yẹ kí ilé iṣẹ́ fún un lágbára tí yóò fi dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá àgbà tàbí olówó ilé iṣẹ́ gan-an ni kó máa jíhìn fún.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí NAFDAC ni pé kí àwọn tó ń ṣe àbẹ̀wò kọ́kọ́ gba stọ́ọ̀ lọ kí wọ́n tó jókòó ní ọ́fíìsì. Kí wọ́n mú ìgò kan látinú ọjà, kí wọ́n béèrè kẹ́ẹ̀gì tó ti wá, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ibi tí àwọn ìgò yòókù wà. Bí ìdáhùn kò bá jáde lọ́jọ́ náà, ètò ibẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Fún ẹ̀yin òbí, nọ́ḿbà NAFDAC ara ìgò ń sọ pé wọ́n forúkọ oògùn náà sílẹ̀ ni. Kò sọ pé NAFDAC yẹ batch yẹn gan-an wò, ìyẹn oògùn tí wọ́n jọ pò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sọ ìgò àti páálí nù títí ara ọmọ á fi yá. Bí ìtọ̀ ọmọ bá dín kù lẹ́yìn tó lo oògùn, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì gbé ọmọ àti ìgò lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ḿbà batch ara ìgò yẹn ni wọ́n á fi wá 2,499 tó kù.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.