Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ bá wa sin Bàbá Géètì

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin àna wa, ẹ̀yin àgbà òṣèré tí ẹ wá sí Òṣogbo nítorí Bàbá wa, a kí yín. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ó jìnnà síra wọn. À bá wá kí yín nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ́ pé Bàbá nìkan ló mọ ilé yín, àwa ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ síbi tí gbogbo yín ti lè rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ilé kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin aáfà tí ẹ kírun sí Bàbá lára, tí ẹ tún padà wá ṣe àdúrà fídáù, Ọlọ́run á gbà á ní ìbàdà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò fojú ba oorun nídìí ààrò, ẹ ṣé. Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò tí ẹ ta kánópì, tí ẹ sì tún sáré ká a kúrò lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbé aláboyún kan lè kọjá, a rí yín. Ẹ̀yin àna, aṣọ yín bá ojú mu gan-an. Ẹni tí àmàlà kò bá kàn, kó má bínú sí wa o. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin àgbà ni kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ wà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí gùn ni ìtàn tí ẹ sọ. Lálẹ́ ọjọ́ fídáù, nígbà tí èrò ti túká, tí ẹ̀yin àgbà òṣèré kó ara yín jọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ lè gbọ́ ara yín, ohun tí ẹ fún wa níbẹ̀ ju gbogbo owó tí ẹ ná lọ.

Arúgbó tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ni àwa ọmọ mọ Bàbá sí. Bí wọ́n bá ń ṣe fíìmù àtijọ́ kan, Bàbá kì í tẹ̀ lé ìtàn rẹ̀. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà. “Èyí ti lọ. Èyí náà ti lọ. Ìyẹn ṣì wà, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.” Ti Àrélù ló dùn wọ́n jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lójú láyé ní àwọn ọdún 1980 á rántí eré orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, bí a ṣe máa ń fi aṣọ bojú nígbà tí Fádèyí Olóró bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀. Olóyè Jimoh Aliu tó ni eré náà, tó sì ṣe Àwòrò nínú rẹ̀, jáde láyé ní oṣù Kẹsàn-án 2020. Kò pé oṣù mẹ́rin tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, Òrìṣàbùnmi, fi tẹ̀ lé wọn, ní oṣù Kìíní 2021. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2023, Òjó Arówóṣafẹ́ tí í ṣe Fádèyí Olóró fúnra rẹ̀ náà lọ. Kò tó ọdún mẹ́ta tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lọ tán. Lọ́jọ́ tí ìròyìn Fádèyí dé, Bàbá ní ká pa tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà, bí fíìmù àtijọ́ bá ń lọ, wọn kì í ka ẹnikẹ́ni mọ́.

Orúkọ náà “Bàbá Géètì”, a ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. A rò pé torí pé wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa jókòó sẹ́nu géètì ilé ni. Bàbá àgbà kan tó ti Ìlá wá ló là wá lóye.

Wọ́n ní láyé eré orí ìtàgé, kí ọ̀gá àti àwọn eléré tó wọ ìlú kan, ẹnì kan á ti ṣíwájú wọn lọ. Bàbá wa lẹni náà. Wọn á lọ san owó gbọ̀ngàn sílẹ̀, wọn á gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọn á yọjú sí ọba, wọn á lẹ pósítà mọ́ ògiri ọjà, wọn á yá bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ eré, wọn á so gbohùngbohùn mọ́ orí mọ́tò, wọn á máa yí ìlú po láti ọ̀sán: “Lálẹ́ òní! Lálẹ́ òní!” Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn á dúró sẹ́nu géètì, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kan, pàṣán lọ́wọ́ kejì nítorí àwọn ọmọ tó fẹ́ fo ògiri. Bí èrò bá wọlé tán, tí wọ́n wá ní ẹ̀ṣọ́ ọba kan ń ṣàìsàn, Bàbá yìí kan náà ni yóò sáré wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, yóò gbé ọ̀kọ̀ dúró sẹ́yìn ọba, kò sì ní sọ nǹkan kan títí eré á fi parí. Owó géètì yẹn ni ẹgbẹ́ fi ń jẹun lọ́jọ́ kejì, òun ni wọ́n fi ń ra epo dé ìlú tó kàn. Ìyá kan láti Ẹdẹ, tó ti jó nínú ẹgbẹ́ náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò lé èrò, àwọn obìnrin tó ń tọ́mọ ni Bàbá kọ́kọ́ fún lówó oúnjẹ kó tó kan ọ̀gá. Ọ̀gá bínú. Bàbá ní kí ọ̀gá lọ bá òjò jà.

Àwa kò gbọ́ eléyìí rí. Ẹnì kan ò sọ ọ́ fún wa rí.

Òṣogbo ìgbà náà ló ṣe é, ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀. Níbí ni Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962. Eré Ọba Kò So tẹ̀ lé e, ó sì dé Berlin ní 1964. Níbí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ṣe ibùjókòó, níbí ni Oyín Adéjọbí náà wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò bá bá eléré lọ nígbà náà, á jẹ́ pé ó ń ya àwòrán tàbí pé ó ń rẹ àdìrẹ. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Ládiípọ̀ ní 1978, kò sí èyí tó dé ọgọ́ta ọdún nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ ń sọ pé Bàbá pẹ́ láyé, ẹ ò purọ́.

Ìgbà fíìmù ló wá mú ẹ̀rín wá. Hubert Ògúndé gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979, èrò ń tì ara wọn lulẹ̀ láti wò ó, gbogbo ọ̀gá ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí àwọn náà máa fi ṣe fíìmù. Fíìmù ayé ìgbà náà kì í ṣe nǹkan tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀, ẹgbẹ́ á sì máa gbé agolo fíìmù àti ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀. Bàbá tún bọ́ sẹ́nu géètì. Ìgbà yẹn ni Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ẹni tí Sunny Adé ta gìtá lábẹ́ rẹ̀ kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, kó owó rẹ̀ sórí Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè da ẹ̀dà fíìmù náà sígboro, gbèsè sì kù sí Bàbá Sàlá lọ́rùn. Ẹni tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín! Títí wọ́n fi jáde láyé ní oṣù Kẹwàá 2018, ẹni tó bá ti dárúkọ fíìmù yẹn á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ẹ ní láti ọjọ́ tí Bàbá wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo fíìmù ẹgbẹ́ wọn ṣe ìrọ̀rí. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ṣé ohun tó ń mú ọrùn dun bàbá yín nìyẹn!

Lórí ohun tó pa eré géètì, ẹ kò fẹnu kò. Ẹnì kan ní tẹlifíṣọ̀n ni, ẹnì kan ní fídíò ni. Bàbá tó ti Ìlá wá ní adigunjalè ni, àti náírà tó wó. Nígbà tí ẹ̀rù òru ti ń ba èèyàn, ta ni yóò jáde nílé lẹ́yìn ìṣáà kó tó máa padà bọ̀ ní òru? Tiwọn la gbà gbọ́. Fídíò kàn wá bá nǹkan tó ti ń ṣòjòjò tẹ́lẹ̀ ni.

Fídíò kò sì ní géètì. Ìdúmọ̀tà ní Èkó di ọjà fídíò, ẹni tó ń kéde pẹ̀lú mọ́tò kò níṣẹ́ mọ́. Wọ́n á pe Bàbá lọ sí lokéṣàn kí wọ́n wá ṣe ìjòyè tó ń mi orí láàfin. Owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn dáwó jọ ṣe fíìmù tara wọn, ẹni tó gbà á tà kò san owó náà fún wọn títí ó fi kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan níbí, kí ẹ má bínú sí wa. Káyọ̀dé Odùmósù, Pa Kasumu, tó jáde láyé ní oṣù Kẹta 2020, ké sí aráyé fún owó ìtọ́jú kó tó lọ. Fádèyí náà ké. Ìgbàkígbà tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, a máa ń rí àwọn tó ń kọ ọ́ pé àwọn eléré kò mọ owó tọ́jú. Owó wo? Ẹni tí wọ́n sanwó iṣẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá ń ṣe fíìmù rẹ̀ láti ọdún dé ọdún láìsí kọ́bọ̀ tó kàn án mọ́, kí ni kó tọ́jú? Bàbá wa kò ké síta, nítorí ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí wa nígbà àìsàn wọn, tí ẹ ní ká sọ fún wọn pé àwa ọmọ la ra oògùn, a mọ̀ yín, a kò ní dárúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Àwa la gba ìdúpẹ́ tó yẹ yín. Ẹ gbà á báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣèré tó wá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Bàbá rí. Ikú àwọn ẹgbẹ́ yín máa ń mú Bàbá dákẹ́. Murphy Afọlábí, ọmọ Òṣogbo wa níbí, pé ọdún 49 ní oṣù Karùn-ún 2023, oṣù yẹn náà ló sì lọ. Ní oṣù Kẹta 2024, Tọ́lání Oyèbámijí tí ẹ mọ̀ sí Sisí Quadri, ọmọ Ìwó, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ nínú fíìmù, òun náà lọ. Bàbá kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Charles Olúmọ, Agbákò, jáde láyé ní oṣù Kẹwàá 2024 lẹ́ni ọdún 101, Bàbá pàṣẹ pé kí wọ́n lọ ra mínírà wá. Wọ́n ní ìyẹn jẹ tirẹ̀ dé ìdí ìkòkò.

Nípa bánà ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kọ “ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré” sí lábẹ́ àwòrán Bàbá: a rí i bí àwọn kan nínú yín ṣe ń wojú ara wọn. Bàbá kì í ṣe ìlúmọ̀ọ́ká, àwọn gan-an ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó ṣe é fi owó ara rẹ̀ ṣe é ni, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. A ti ká a sílé, a kò ní sọ ọ́ nù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ìyá tó ti Ẹdẹ wá mú ìwé Atọ́ka kan dání, ó ti gbó, èèpo rẹ̀ ti já. Ẹ̀yin àgbà mọ Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó máa ń fi fọ́tò sọ eré, tí ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nínú ojú ewé kan, ọba ń sọ̀rọ̀, olorì ń sunkún, Bàbá sì wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọ̀kọ̀, irun kún orí wọn dúdú. Kò sí fọ́tò Bàbá tó pẹ́ tó ìyẹn nílé wa. Ẹni tó bá ní Atọ́ka, pósítà, tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ẹ̀yìn ìtàgé tàbí kásẹ́ẹ̀tì, bí eku bá tilẹ̀ ti jẹ etí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun ún. Ẹ pe èyíkéyìí nínú wa. A ó wá bá yín nílé, a ó ya ẹ̀dà rẹ̀ níbẹ̀, a ó sì fi tiyín sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá lè sọ ìtàn nìkan náà, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bó ti wù kó gùn tó.

Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ Bàbá, á sì dá olúkúlùkù yín padà sílé ayọ̀. Àdúrà ogójì ọjọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní ṣe ìnáwó sí i. Sàráà ni a ó ṣe ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ o.

Àwa ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ Bàbá Géètì,
Òṣogbo.