Ta Ni Ò Ń Kówó Fún?

Àjọkẹ́ mi,

Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Mo ní kí àbúrò rẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, o ní o máa pè padà. Ìgbà wo? Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ará ilé kò burú. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí méjì, ọ̀kan kú. Ìjì ká páànù ẹ̀yìnkùlé, káfíńtà ní òun ń bọ̀, a ṣì ń retí rẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ. Kò mọ̀ pé mò ń kọ èyí, má sì jẹ́ kó mọ̀.

Ẹnì kan tó ti Èkó dé ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákíì. Ó ní òun rí fọ́tò rẹ lára pátákó, ìwọ àti ọkùnrin olóṣèlú kan. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ọmọ mi fẹ́ ṣe òṣèlú, ṣé kí n wá máa sunkún ni? Àfi bó ṣe rẹ ohùn sílẹ̀, tó ní ìwọ lò ń kówó fún ọkùnrin náà, àwọn ọmọ ìta ló sì ń fi bọ́. Àjọkẹ́, ṣé òótọ́ ni?

O ní Ellen Johnson Sirleaf, obìnrin tó ṣe ààrẹ Liberia, ni àwòkọ́ṣe rẹ, o gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀. Ta ló kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ, bí kò ṣe èmi tí mo ta aṣọ ní Waterside, ní Monrovia? Apá kan lo sì mú nínú ìtàn náà.

Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó lọ sílé ọkọ. Ó bí ọkùnrin mẹ́rin, ọkọ sì ń lù ú. Ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà, ó lọ kàwé ní Wisconsin. (Èmi náà fi ọ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ màmá mi, mo mọ̀. A máa sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn, bí o bá gbé fóònù.) Ó kọ ọkọ, ó gba oyè ní Harvard lọ́dún 1971, ó di mínísítà ètò ìnáwó lọ́dún 1979. Lóṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn ọmọ ogun Samuel Doe gbàjọba, wọ́n pa Ààrẹ Tolbert, wọ́n sì yìnbọn pa ìjòyè 13 létíkun. Mínísítà mẹ́rin ni wọ́n dá sí, òun wà nínú wọn. Lọ́dún 1985 ó pe àwọn tó ń ṣèjọba ní òmùgọ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì tún padà wálé! Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún un, ariwo ayé ni wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ó wọlé ìbò ilé aṣòfin àgbà, ó ní òun ò jókòó níbẹ̀ nítorí màgòmágó. Ìwọ náà láyà bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́ láti kékeré.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí ò sí lára àwòrán. Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ tó fẹ́ lé Doe kúrò, gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọ agbègbè Nimba ní Liberia ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Òkè òkun ni Ellen wà. Òun àtàwọn tó fẹ́ kí Doe kúrò nípò ló dá owó jọ fún Taylor, 10,000 dọ́là. Obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní Citibank, tó mọ ìṣirò owó bí ẹní mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kò mọ ohun tí owó náà máa rà.

Ta ni ìwọ wá ń kówó fún?

Àjọkẹ́, inú èmi náà dùn sí Taylor. Gbogbo wa lọ́jà ni. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa, ẹni tó máa ń bá mi gbé ẹrù, ní òun fẹ́ lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo fún un lówó ọkọ̀. Mo gbàdúrà lé e lórí. Nígbà tí ECOMOG, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Nàìjíríà ṣíwájú, gúnlẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1990, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn ọmọ Taylor ń wá kiri. Wọ́n mú akọ̀ròyìn wa méjì, Tayo Awotunsin àti Krees Imodibie, wọ́n pa wọ́n. Bí ìbọn bá ti dún, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ṣé ọmọ tí mo fún lówó ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ ò gbọ́ ọ rí. Ìwọ náà, ohun tí mo sọ fún ọ ni pé ọkọ̀ omi gbé wa jáde.

Ellen pàdánù ìbò lọ́wọ́ Taylor lọ́dún 1997, ó borí George Weah lọ́dún 2005. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2006 ó búra, obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ṣe ààrẹ nílẹ̀ Áfíríkà. Òun ló ní kí Obasanjo fa Taylor, tó ti kúrò nípò tó sì wá ń gbé ní Calabar, sílẹ̀; Taylor sá, ẹnubodè Gamboru ni wọ́n ti mú un. Gbèsè bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fojú fò dá fún Liberia nígbà tirẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2009, ààrẹ orílẹ̀-èdè jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ogun náà, ó ń tọrọ àforíjì. Ìgbìmọ̀ ní kó má ṣe di ipò ìlú mú fún ọdún 30. Ilé ẹjọ́ gíga jù ló fagi lé e. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2011, àwọn kan ṣì ń bi í léèrè owó náà. (Ó tún fi àwọn ọmọ rẹ̀ sípò. Ìyẹn ò dáa, èmi ò ní bò ó.)

Mi ò ní kí o má ṣe òṣèlú o. Bí o bá fẹ́ dupò, èmi ni màá kọ́kọ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́. Kí ni ọkùnrin náà ń fi owó rẹ rà? Ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ yẹn, kí ni wọ́n sì ń gbé dání lálẹ́? Kí o fẹnu ara rẹ sọ fún mi. Olówó orí mi, mi ò bínú. Mo bínú díẹ̀.

Mo fi ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ rán awakọ̀, ó máa dé Ọjọ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Fúnra rẹ ni kí o lọ gbà á. Má rán ìkankan nínú àwọn ọmọ yẹn.

Ìyá rẹ