Kí N Tó Gbéra Wá Sọ́dọ̀ Rẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni o wà, àti pé ara gbogbo àwọn tí ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ le. Inú mi dùn nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, pàápàá ibi tí o ti sọ pé o ti tún yàrá tí n óò sùn sí ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó kù kí n gbéra, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n óò sì lò lọ́dọ̀ rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ bí mo ṣe ń múra, nítorí pé àìsàn ọpọlọ tí mo ń bá gbé kò ní dúró dè mí nílé, ìwọ sì ni ẹni tí yóò wà nítòsí mi bí ohunkóhun bá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

O rántí ìrìn àjò mi àkọ́kọ́, èyí tí mo gé kúrú láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ báyìí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ ni oorun ti dá lójú mi. Ní aago mẹ́ta òru, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ká ẹ̀wù funfun kan sínú àpótí, mo tú u, mo tún un ká, títí ilẹ̀ fi mọ́, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni pé n kò ní nílò oorun mọ́ láyé. Mo rò pé ìdùnnú ìrìn àjò ni. Nígbà tí mo wọ bàálù, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu mi bí òjò. Mo bá ẹni tí ó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́fà láìsinmi, títí ó fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ibòmíràn fún òun. Inú àpótí ńlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni gbogbo oògùn mi wà, àpótí náà kò sì bá mi gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi rí i ní ọjọ́ kẹrin, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà, ní ìlú tí n kò ti mọ ẹnì kankan.

Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé oorun ni mo kọ́kọ́ ṣètò lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó ronú kan aṣọ. Bipolar ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn mi: ó máa ń gbé ọkàn mi ga kọjá ààlà nígbà kan, ó sì máa ń rì í mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn ni ohun kan wà tí ó ń ka àkókò bí aago, tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sì ń tún ṣe. Bí a bá fi bàálù kọjá ilẹ̀ púpọ̀ tí aago wọn yàtọ̀ síra lójú kan, aago inú ara kì í lè bá a lọ. Nǹkan bí wákàtí kan ni ó ń sún lójúmọ́, ó sì máa ń nira jù bí a bá ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Wákàtí méje ni ọ̀dọ̀ rẹ fi ṣáájú ọ̀dọ̀ mi. Fún ẹlòmíràn, ó lè máà ju àárẹ̀ ọjọ́ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n fún irú wa, òru kan ṣoṣo tí a kò sùn lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà gíga. Dókítà mi ti ní kí n máa fi wákàtí kan tètè sùn sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lọ, kí n jìnnà sí ọtí àti kọfí nínú bàálù, kí n sì yan bàálù tí yóò gúnlẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó lè jẹ́ pé òru ni yóò tẹ̀ lé dídé mi. Ó wọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n òun ni mo san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn oorun ni oògùn. Lithium ni mo ń lò ní alaalẹ́, oògùn tí dókítà kan ní Ọsirélíà, John Cade, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1949 pé ó ń mú ìgbà gíga rọlẹ̀. Ó ti ṣe mí lóore ju bí mo ṣe lè sọ lọ, síbẹ̀ kì í ṣe oògùn tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé ìwọ̀n tí ó ń wo ènìyàn sàn kò jìnnà rárá sí ìwọ̀n tí ó ń pani lára. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí méjìlá lẹ́yìn tí mo lò ó, wọ́n sì ní ó wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. Bí omi ara mi bá gbẹ nítorí òógùn, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru, yóò pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ mi; ibuprofen, oògùn ara ríro, pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ mi, jọ̀wọ́ má ṣe fún mi. Bí o bá rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mutí, tí ọ̀rọ̀ mi sì ń lọ́ mọ́ ara wọn, má ṣe ní kí n lọ sinmi. Ilé ìwòsàn ni kí o gbé mi lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Inú báàgì ọwọ́ mi ni gbogbo oògùn yóò wà, nínú páálí tí wọ́n ti wá, pẹ̀lú àfikún ti ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò retí láti lò. Dókítà ti kọ lẹ́tà tí ó ní òǹtẹ̀, ó sì kọ orúkọ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń tà á. Diazepam mẹ́wàá, oògùn tí ń mú ara rọlẹ̀, wà lára wọn fún òru tí oorun bá kọ̀, èyí sì wà lára àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1971 ń ṣọ́, nítorí náà mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè yín kí n tó dì í sẹ́rù. Ẹnì kan tí a jọ ń gba ìtọ́jú fẹ́ lọ sí Jàpáánì, kò sì mọ̀, títí ó fi béèrè, pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn mú amphetamine, oògùn tí ń ta ọpọlọ jí, wọ ibẹ̀, bí dókítà tilẹ̀ kọ ọ́ fún un. Nítorí ẹ̀fọn tí o sọ, mo jẹ́ kí àwọn tí ń fún arìnrìn-àjò ní oògùn ibà mọ irú àìsàn tí mo ní, nítorí pé mefloquine, ọ̀kan lára àwọn oògùn ibà náà, kò dára fún ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ. Òmíràn ni wọ́n fún mi. Mo sì sọ òtítọ́ fún àwọn adójútòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tì mí nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ gan-an nìyí. Bí àìsàn náà bá fẹ́ dé, n kì í mọ̀. Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí i. Bí mo bá ń sùn fún wákàtí mẹ́ta tí mo sì ní ó tó mi, bí mo bá ń náwó láìwẹ̀yìn, tàbí bí mo bá sọ pé ara mi ti yá, pé n kò nílò oògùn mọ́, má ṣe bá mi jiyàn. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ mú mi wọ yàrá tí kò sí ariwo, pa iná, kí o sì pe nọ́ńbà tí n óò fi sínú àpòòwé kan fún ọ. Mo ti gbà á láyè tẹ́lẹ̀ pé kí dókítà mi bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má ṣe máa ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ iná. Ọdún mọ́kànlá ni a kò ti fojú kan ara wa. N óò rẹ́rìn-ín, n óò sọ̀rọ̀, bóyá n óò sì sunkún. Ayọ̀ lásán ni yóò jẹ́, ó sì máa ń dùn mí tí àwọn ènìyàn bá ń wo gbogbo ayọ̀ mi bí àmì àìsàn.

Èmi àti dókítà tún jọ fẹnu kò pé bí n kò bá sùn dáadáa fún òru méjì léraléra kí ọjọ́ náà tó pé, n kò ní lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà ni mo rà. Ó ṣòro fún mi láti kọ gbólóhùn yìí sí ọ, nítorí mo mọ bí o ṣe ń retí mi, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ pé mo sún un síwájú, kí o mọ̀ pé mo ṣì ń bọ̀.

Jọ̀wọ́, nínú èsì rẹ, sọ fún mi bóyá kọ́tìnì fèrèsé yàrá náà nípọn tó láti dínà ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, àti ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà ọpọlọ tí ó súnmọ́ yín jù lọ. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.