Dá A Padà Kó O Tó Wá Síbi Pẹpẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Ara gbogbo wa le, a sì ń gbàdúrà fún ọ. Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́sí ò kúrò lọ́kàn mi: bí èèyàn bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣé ó tún di dandan kó dá ohun tó gbà lọ́nà àìtọ́ padà fẹ́ni tó ni ín? Mo fẹ́ dá ọ lóhùn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ń fi àdúrà bo gbèsè mọ́lẹ̀, tó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé ọkàn àwọn ò balẹ̀.

Ó di dandan. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, kò sówó tó lè rà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ọlọ́run bá ti dárí jì ọ́ tán, ohun olóhun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, olóhun náà sì ń wá a.

Fara balẹ̀ ka Léfítíkù 6:1-7. Ibẹ̀ ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan: kéèyàn sẹ́ ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́, kó fipá gba nǹkan, kó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ, kó rí ohun tó sọnù kó sì búra pé òun ò rí i. Ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ máa dá ojú owó padà ní pípé, á sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Bí ohun tó gbà bá jẹ́ 60,000, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 12,000, nítorí náà 72,000 ló máa san. Ẹni tó ni nǹkan ló máa gbé e fún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bíbélì wá sọ̀rọ̀ àgbò tó máa mú wá fún ẹbọ ẹ̀bi. Jésù náà tò ó bẹ́ẹ̀ nínú Mátíù 5:23-24: bó o bá dé ibi pẹpẹ, tó o wá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà, kó o tó padà wá.

Gbé ìdá kan nínú márùn-ún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nínú Ẹ́kísódù 22. Olè tí ọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bí ẹran tó jí bá ṣì wà láàyè lọ́wọ́ rẹ̀, ìlọ́po méjì ló máa san. Bó bá ti pa á tàbí tó ti tà á, àgùntàn mẹ́rin ni fún àgùntàn kan, màlúù márùn-ún fún màlúù kan. Àmọ́ Númérì 5:7 sọ ti ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ìdá kan nínú márùn-ún péré ni tiẹ̀ máa fi lé ojú owó. Lójú tèmi, àánú ńlá ló wà nínú èyí. Ọlọ́run mú kí ọ̀nà ìjẹ́wọ́ fúyẹ́ gan-an ju ọ̀nà kéèyàn máa fara pa mọ́ títí wọ́n á fi mú un. Kò sẹ́ni tó mú Sákéù agbowó orí, síbẹ̀ iye tí wọ́n ń bù fún olè àgùntàn ló bù fún ara rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin, lẹ́yìn tó ti yọ ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn òtòṣì (Lúùkù 19:8). Mi ò sọ pé iye kan báyìí ló de Kristẹni lónìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú owó nìkan ò tó, torí olówó ò rí owó rẹ̀ lò ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe jẹ́ kí àlékún tó o máa fi lé e kéré sí ìdá kan nínú márùn-ún.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Mú ìwé kan, kó o pín ojú rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin: orúkọ ẹni náà, ohun tó jẹ́ tirẹ̀, iye rẹ̀, àti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe é lórí lásán, torí ọkàn máa ń fo ohun tó bá ń tini lójú. Kọ àwọn tó kéré náà sí i: wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ àmọ́ tó o fi gbọ́ tara rẹ, owó ọkọ̀ tó o bù lé nígbà tó ò ń kọ ìnáwó rẹ sílẹ̀, ìwé tó o yá tí kò padà sílé mọ́, ṣéńjì tó lé tó o dákẹ́ lé lórí. Èyí tó ò bá rántí iye rẹ̀ mọ́, fojú bù ú, kí èyí tó o fojú bù náà sì ga díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni náà, ìwọ àti òun nìkan. Bí ọ̀nà bá jìn, pè é lórí fóònù. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é àfi tí kò bá sí ọ̀nà míì. Dárúkọ ohun tó o ṣe gan-an. Má sọ pé, "Tí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́, dárí jì mí," torí ńṣe lò ń fi í sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ máa wádìí bóyá o ṣẹ̀ tàbí o ò ṣẹ̀. Sọ pé, "Nígbà tí mo bá ọ ra ọjà yẹn, mo fi 5,000 lé iye tí mo pè fún ọ. Irọ́ ni mo pa. Owó náà nìyí, mo fi 1,000 lé e." Kó o wá dákẹ́. Má sọ pé nǹkan le nígbà yẹn, má sọ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é, má sì ka ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ náà sí i lọ́rùn. Má sì fi dandan lé e pé kó dárí jì ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lè bínú fún ọjọ́ mélòó kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gbèsè lo wá san, o ò wá ra ìdáríjì.

Bó bá jẹ́ níbi iṣẹ́ ni, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á rọra da owó náà padà sínú àpótí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Owó ti padà lóòótọ́, àmọ́ ìwé ìṣirò á wá ní àlékún tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀, akọ̀wé owó á sì máa wá àṣìṣe tí kò ṣe kiri. Èyí tó burú jù ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fura sí ẹlòmíì, kí wọ́n tiẹ̀ ti lé e lọ nítorí owó yẹn. Nítorí náà, béèrè ẹni tó jìyà ohun tó o ṣe. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti bà jẹ́ lójú èèyàn mẹ́wàá, ojú àwọn mẹ́wàá náà ni kó o ti tún un ṣe. Owó ò kájú ìyẹn. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó sì lè di ọ̀rọ̀ òfin. Mi ò ní tàn ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, gba ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò lórí bó o ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n má gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o máa gbé e pa mọ́.

Bí ẹni náà bá ti kú, àwọn ajogún rẹ̀ ni kó o gbé e fún. Bí kò bá ní ìbátan kankan, Númérì 5:8 ní kí owó náà di ti Olúwa, lọ́wọ́ àlùfáà. Kò sọ pé kó padà sápò ajigbèsè. Lónìí, èmi á ní kó o fún àwọn aláìní, ní bòókẹ́lẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ nínú ìjọ fún un, nítorí kì í ṣe ọrẹ. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo ní kó o dúró ná, ìyẹn bí ìjẹ́wọ́ rẹ bá máa tú àṣírí ẹlòmíì tàbí tó máa fi ẹ̀mí ẹnì kan sínú ewu. Mú irú ìyẹn lọ bá àgbàlagbà kan nínú Olúwa tẹ́nu rẹ̀ kì í jò, kẹ́ ẹ jọ wo bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e.

Bí owó ò bá sí ńkọ́? Rántí opó inú 2 Àwọn Ọba 4, tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ ṣẹrú. Lẹ́yìn tí Ọlọ́run mú kí òróró díẹ̀ tó ní kún gbogbo ìkòkò, wòlíì Èlíṣà ní kó lọ tà á, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ lórí èyí tó kù. Gbèsè ló ṣáájú jíjẹ-mímu nínú ìtò yẹn. Lọ bá olówó rẹ, kẹ́ ẹ jọ kọ iye tí wàá máa san lóṣù àti ọjọ́ tí wàá máa san án, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Iye tó o lè san nínú oṣù tí ọwọ́ rẹ gbẹ jù lọ ni kó o kọ. Ìtìjú ló máa ń mú kéèyàn ṣèlérí iye ńlá. Ó máa san án lẹ́ẹ̀mejì, ó máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún olówó. Bí oṣù kan bá sì máa yẹ̀, lọ sọ kí ọjọ́ tó pé, kó o sì mú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ dání, bó tiẹ̀ jẹ́ ìdajì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Orin Dáfídì 37:21 tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni burúkú ló pe ẹni tó ń yá tí kì í san. Ní gbogbo àkókò yìí, má ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọrẹ ńlá tó máa mú kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ níwájú ìjọ. Ka Máàkù 7:9-13, kó o wo ohun tí Jésù sọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀bùn Ọlọ́run ṣe bojúbojú kí wọ́n má bàa ṣe ojúṣe wọn fún bàbá àti ìyá wọn.

Ti ohun tá a yá, Ẹ́kísódù 22:14-15 ti là á. Bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí olóhun ò sí níbẹ̀, ìwọ lo máa san án, bí kò tiẹ̀ jẹ́ àfọwọ́fà rẹ. Nítorí náà, kó o tó yá kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà tàbí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, bi ara rẹ bóyá o lè ra òmíràn tó bá bàjẹ́. Bó ò bá lè rà á, má yá a. Bó o bá sì máa yá a, kí ìwọ àti olóhun jọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó o gbà á, ojú ibi tó ti ha àti ibi tó ti sán, kó o ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, sọ fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó o tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, nítorí ó lè ní ẹni tó fọkàn tán. Kó àfọ́kù rẹ̀ wá. Ẹsẹ 13 ní kí ẹni tí ẹranko fa ẹran tí wọ́n ní kó bá àwọn tọ́jú ya lọ́wọ́ rẹ̀ mú èyí tó kù wá ṣe ẹ̀rí.

Nípa ṣíṣe onígbọ̀wọ́, ìwé Òwe kìlọ̀ fún wa léraléra. Òwe 22:26-27 béèrè ìdí tí wọ́n á fi gba ibùsùn lábẹ́ rẹ nígbà tó ò ní ohun tí wàá fi san án. Pọ́ọ̀lù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí Fílémónì pé òun á san gbèsè Ónẹ́símù tó jẹ́ ẹrú Fílémónì, nítorí náà kì í ṣe èèwọ̀. Àmọ́ àfi kí odindi owó náà wà nílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kó o sì ti gbà lọ́kàn rẹ pé ó lè lọ. Bó o bá ti fọwọ́ sí i láìrò ó, Òwe 6:1-5 ní kó o má sùn, kó o lọ rẹ ara rẹ sílẹ̀, kó o bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú ọ sílẹ̀. Lọ lónìí, kí ọjọ́ ìsanwó tó dé.

Bó bá wá jẹ́ ìwọ ni wọ́n jẹ ní gbèsè, Deuteronómì 24:10-13 ò jẹ́ kó o wọ ilé ajigbèsè lọ mú ohun tó fi dógò; ìta lo máa dúró sí títí á fi gbé e jáde. Ẹsẹ 6 ò sì jẹ́ kó o gba ọlọ tó fi ń lọ oúnjẹ. Má dójú tì í níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, má gba irinṣẹ́ tó fi ń wá owó tó máa fi san án. Ìwọ nìkan ni kó o kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání kó o tó mú un lọ síwájú ìjọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Mátíù 18:15-17.

Bẹ̀rẹ̀ ìwé olójú mẹ́rin yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ò fẹ́ rí jù lọ, nítorí bó o bá fi tiẹ̀ sẹ́yìn, o ò ní lọ mọ́. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ká jọ gbàdúrà.

Èmi ni,
Màmá rẹ