Òwú Tí Ẹ Kó Wá Kò Ṣeé Fi Rán Ìpéǹpéjú Alátọ̀gbẹ

Ẹ̀ka Iṣẹ́ Abẹ Ojú,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ohun Èlò Iṣẹ́ Abẹ, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Òwú polyglactin 4-0 (òwú tó máa ń tú ká fúnra rẹ̀ nínú ara; 4-0 ni ìwọ̀n sísanra rẹ̀) tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìdajì òrùka la ní kí ẹ kó wá. Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu èyí tó dé kò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ òrùka ni. Èyí tó burú jù ni pé ẹnu ọ̀rá àwọn kan ti ṣí, ọ̀rinrin ti wọ inú wọn. Bí a bá ta kókó kejì, òwú á já lọ́wọ́ wa.

Bí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ bá ti dẹ̀, tí a fà á sílẹ̀ tí kò tètè padà lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, igun rẹ̀ tó wà níhà etí la máa ń là. A ó bó awọ kúrò níwájú àti lẹ́yìn títí yóò fi ku abala líle inú rẹ̀, tarsus. Òun la ó fà, tí a ó rán mọ́ awọ tó bo egungun ihò ojú. Ẹ̀yìn bèbè egungun náà, nínú lọ́hùn-ún, ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá gba iwájú, ìpéǹpéjú kò ní fara mọ́ ẹyinjú, omijé á sì máa dà. Abẹ́rẹ́ tí ẹ kó wá kò lè yí po ní àyè tóóró yẹn.

Ti òwú ló ká wa lára jù. Omi ló ń tú polyglactin ká. Bó bá pé, ó yẹ kí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ṣì kù ní ọ̀sẹ̀ 2, kí ìdajì kù ní ọ̀sẹ̀ 3. Èyí tí ọ̀rinrin ti wọ̀ ti ń tú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ alátọ̀gbẹ kì í tètè jinná. Bí òwú bá já kí ẹran tó so pọ̀, ìpéǹpéjú á tún wó sílẹ̀, kọ́níà, awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú, á wà ní gbangba. Àtọ̀gbẹ sì lè mú kí kọ́níà kú tipiri, tí aláìsàn kò ní mọ ìrora kankan títí egbò á fi dá síbẹ̀.

Kí ṣúgà irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wálẹ̀ débi tí abẹ lè kàn án, iṣẹ́ ńlá ni. Kò yẹ ká tún máa wá òwú kiri láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ fi ohun tí a ní kí ẹ mú wá rọ́pò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó o sí búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn mọ́, nítorí ibi tó bá wà kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 25°C lọ. A fi páálí kan ti lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà ìdìpọ̀ òwú náà wà lára rẹ̀. Ẹ fi wá àwọn ilé ìwòsàn mìíràn tí ẹ kó irú rẹ̀ fún, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó fi rán ojú ẹnikẹ́ni.

Àwa òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Iṣẹ́ Abẹ Ojú